Bí Kòkòrò Ọgbẹ́ Inú Bá Kọ Etí Dídi sí Oògùn

Kòkòrò tí wọ́n ń pè ní Helicobacter pylori wà lára ohun tó ń fa ọgbẹ́ inú jù lọ. Inú àpòlúkù ló ń gbé, níbi tí omi kíkan ti ń pa ọ̀pọ̀ kòkòrò mìíràn. Ó máa ń tú amóníà jáde yí ara rẹ̀ ká, amóníà yìí á sì rọ omi kíkan náà lójú. Lẹ́yìn náà ni yóò lúwẹ̀ẹ́ wọ inú ikun yíyọ̀ tó bo ara àpòlúkù, ibi tó ṣòro fún oògùn láti dé. Lọ́dún 1984, dókítà kan ní Ọsirélíà, Barry Marshall, mu kòkòrò yìí kí ayé lè gbà pé kì í ṣe ata tàbí ìrònú ló ń fa àrùn náà. Kò pẹ́ tí èébì fi dé.

Oògùn clarithromycin ni wọ́n gbára lé jù láti fi pa kòkòrò náà tẹ́lẹ̀. Oògùn náà ń so mọ́ ibi tí kòkòrò ti ń ṣe purotéènì. Bí ibẹ̀ bá yí padà díẹ̀ péré, kò ríbi dì mú mọ́. Kòkòrò náà tún ń kọ etí dídi sí Flagyl, oògùn mìíràn tí wọ́n ń lò fún un. Lọ́dọ̀ wa, inú run díẹ̀, a ti ra káàdì Flagyl kan ní kẹ́míìsì, a lo méjì, a pa ìyókù tì. Èyí tí kò kú nínú kòkòrò ló ń pọ̀ sí i.

Oògùn tí wọ́n ń pè ní bismuth ni mo rò pé ó yẹ ká mọ̀ dáadáa. Ọ̀nà púpọ̀ ló ń gbà ba kòkòrò jẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí náà agbára káká ló fi ń mọ́ kòkòrò lára. Dókítà a máa fún èèyàn ní bismuth, tetracycline, Flagyl tó pọ̀ dáadáa àti omeprazole tó ń dín omi kíkan inú kù, fún ọjọ́ 14. Flagyl tí kò ràn án tẹ́lẹ̀ tún lè ṣiṣẹ́ báyìí. Ìgbẹ́ á dúdú. Bismuth ló ń fà á, àmọ́ bí òòyì bá ń kọ́ni tàbí tí ìgbẹ́ náà ń lẹ̀ bí ọ̀dà, ẹ sáré lọ sí ọsibítù. Aboyún kò gbọdọ̀ lo tetracycline.

Oyin ńkọ́? Nínú abọ́ láàbù, ó ń pa kòkòrò yìí, ṣùgbọ́n kò sí ẹ̀rí pé òun nìkan ń lé e tán nínú èèyàn. Kòkòrò rere inú yọ́gọ́ọ̀tì lè dín ìgbẹ́ gbuuru tí oògùn ń fà kù. Ìrànwọ́ ni, kò lè rọ́pò oògùn.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin tí ẹ bá ti lo oògùn tán, ẹ ṣe àyẹ̀wò èémí tàbí ti ìgbẹ́. Ẹ gbọ́dọ̀ ti dáwọ́ lílo omeprazole dúró fún ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ èsì lè sọ pé kò sí kòkòrò nígbà tó ṣì wà.