Àṣìsọ Lórí Ìtàgé, Àṣìsọ Lẹ́nu Wa

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí ìtàgé. Nínú eré The Merchant of Venice tí William Shakespeare kọ, bàbá Portia ti kú, ṣùgbọ́n àṣẹ tó fi sílẹ̀ ṣì de ọmọ rẹ̀. Àpótí mẹ́ta ló wà nílẹ̀: ti wúrà, ti fàdákà àti ti òjé. Ọkùnrin tó bá mú èyí tí àwòrán Portia wà nínú rẹ̀ ni yóò fẹ́ ẹ. Bassanio ni ọkàn Portia yàn, ṣùgbọ́n kò gbọ́dọ̀ fi àpótí tó tọ́ hàn án. Nígbà tí Bassanio dé, Portia bẹ̀ ẹ́ pé kó sinmi fún ọjọ́ mélòó kan kó tó yan. Bó ṣe ń sọ̀rọ̀ lọ, ó ní ìdajì òun jẹ́ ti Bassanio, ìdajì kejì náà sì jẹ́ ti Bassanio. Kíá ló tún un sọ: ti òun fúnra òun lòun fẹ́ wí. Ọ̀rọ̀ ti bọ́ lẹ́nu rẹ̀ ná, àwọn òǹwòran sì ti gbọ́.

Ní 1910, Otto Rank, ọ̀kan lára àwọn ọmọ ẹ̀yìn Sigmund Freud, pe àfiyèsí sí ibi yìí nínú eré náà. Inú Freud dùn sí i débi pé ó fi í kún ìwé rẹ̀ lórí àṣìsọ àti àṣìṣe ojoojúmọ́, èyí tó kọ́kọ́ jáde ní 1901. Freud ló dá ìmọ̀ tí wọ́n ń pè ní psychoanalysis sílẹ̀ ní Vienna, ní ilẹ̀ Austria. Ìpìlẹ̀ ìmọ̀ náà ni pé apá kan wà nínú ọkàn ènìyàn tó fara sin fún onítọ̀hún gan-an, àti pé ohun tí a bá tẹ̀ rì síbẹ̀ ń wá ọ̀nà àtijáde. Àwọn àgbà ní, bí kò bá nídìí, obìnrin kì í jẹ́ Kúmólú. Lójú Freud, àṣìsọ náà nídìí: èrò méjì ló ń jà lọ́kàn ẹni, èyí tí a fẹ́ fi pamọ́ ló sì jáwé olúborí. Ó ní àwọn òǹkọ̀wé eré ti mọ èyí tipẹ́, kí àwọn dókítà tó mọ̀ ọ́n.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti kan àwa akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè nìyí. Ní 1895, Rudolf Meringer, onímọ̀ ẹ̀dá-èdè ní Vienna kan náà, òun àti Carl Mayer, ti tẹ ìwé kan jáde tí wọ́n kó ọ̀pọ̀lọpọ̀ àṣìsọ jọ sí. Àlàyé tiwọn ni pé ìró ló ń fa ìró: ìró tó yẹ kó wá lẹ́yìn á sáré ṣíwájú, tàbí kí ìró méjì gba ipò ara wọn. Inú ìwé yẹn ni Freud ti mú púpọ̀ nínú àpẹẹrẹ rẹ̀, tó sì bá wọn jiyàn. Kò sọ pé ìró kò kópa. Ohun tó ní ni pé ìró nìkan kò tó. Meringer ló sọ ìtàn olórí ilé aṣòfin kan ní Austria tó fẹ́ kéde pé ìjókòó ti bẹ̀rẹ̀, àmọ́ tó kéde pé ó ti parí. Freud ní ọkùnrin náà kò retí ire kankan nínú ìjókòó ọ̀hún ni.

Ní 1971, Victoria Fromkin ti Yunifásítì California ní Los Angeles tún gbé ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò. Ó fi àṣìsọ tó ti kó jọ hàn pé ẹni tó ń ṣi ọ̀rọ̀ sọ kì í sábà ṣẹ òfin èdè rẹ̀. Ká ní ẹnì kan fẹ́ sọ "bàtà dúdú", tó wá sọ "dàtà búdú". Kọ́ńsónáǹtì méjì ló pààrọ̀ ipò, ṣùgbọ́n sílébù kọ̀ọ̀kan ṣì bá ìlànà Yorùbá mu. Kò sẹ́ni tó máa sọ "bdàtà", nítorí èdè wa kì í to kọ́ńsónáǹtì méjì pọ̀ nínú sílébù kan. Ẹ wá sọ fún mi, ìfẹ́ ìkọ̀kọ̀ wo ló wà nínú "dàtà búdú"?

Ìdí tí mo fi rò pé ẹ̀rí tí Freud mú láti orí ìtàgé kò lè gbé gbogbo ẹrù tó dì lé e nìyí. Lórí ìtàgé, kò sí àṣìsọ tó ṣèèṣì wáyé. Shakespeare jókòó, ó ronú, ó kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹlòmíràn tilẹ̀ lè sọ pé Portia mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é, pé ó fẹ́ kí Bassanio gbọ́. Àdéhùn tó wà láàárín òǹkọ̀wé àti òǹwòran ni pé gbogbo ohun tó bá ṣẹlẹ̀ nínú eré ló ní ìtumọ̀. Etí òǹwòran yìí ni Freud yá, tó gbé wọ àárín ìgboro. Ìgboro kò sì ní òǹkọ̀wé.

Ẹ wo ìyá tó fẹ́ rán Tóbi níṣẹ́. Ó pe Ṣadé, ó pe Fẹ́mi, ó pe Bọ́lá, kó tó wá kan Tóbi. Ṣé kò fẹ́ràn Tóbi ni? Orúkọ àwọn ọmọ rẹ̀ wà lójú kan náà nínú ìrántí rẹ̀, wọ́n jọ ń du ẹnu ni. Ṣùgbọ́n bí ọkùnrin kan bá fi orúkọ obìnrin mìíràn pe ìyàwó rẹ̀, a ti dájọ́ kó tó pa ẹnu dé: "Ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ nìyẹn!" Ó lè rí bẹ́ẹ̀, ó sì lè má rí bẹ́ẹ̀. Àṣìsọ náà nìkan kò lè sọ fún wa.

Síbẹ̀, mi ò ní da omi ìwẹ̀ Freud nù tọmọtọmọ. Nínú yàrá ìtọ́jú rẹ̀, ìlànà tó là sílẹ̀ ni pé kí a bi ẹni tó ṣi ọ̀rọ̀ sọ léèrè ohun tó wá sí i lọ́kàn. Òǹwòran kì í béèrè. Kò lè dá eré dúró láti bi Portia. Àwa tí a ń bá ènìyàn ẹlẹ́ran ara gbé lè béèrè. Bí ọ̀rẹ́ yín bá ṣi ọ̀rọ̀ sọ lọ́la, ẹ má ṣe bí ẹni tó ra tíkẹ́ẹ̀tì wá wòran. Ẹ bi í.