Bí Ọ́fíìsì Ilẹ̀ Bá Wà ní Títì, Kí Owó Ẹgbẹ́ Má Tètè Jáde

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, láti ìgbà àrùn Kòrónà ni àwọn kan ti ń bi wá léèrè pé: bí ìjọba bá tún ti ọ́fíìsì pa, báwo ni a ó ṣe mọ̀ bóyá ilẹ̀ tí ẹgbẹ́ fẹ́ rà mọ́? Ìbéèrè gidi ni. Ní aago mọ́kànlá alẹ́ ọjọ́ 30 oṣù kẹta, 2020, ni òfin kónílé-ó-gbélé bẹ̀rẹ̀ ní Èkó àti Àbújá, kò sì dẹ̀ títí di ọjọ́ 4 oṣù karùn-ún. Irú àkókò bẹ́ẹ̀ gan-an ni ẹni tó ń ta ilẹ̀ máa ń wí pé, "Ẹ sáà san owó kí ẹlòmíràn má baà gbà á."

Ìwé ìjọba ló ń sọ ẹni tí ilẹ̀ wà lórúkọ rẹ̀, àti bóyá báńkì ti fi dógò. Ọ́fíìsì àgbà awọnlẹ̀ ìjọba ló sì ń fi ìwé sọ́fè wé máàpù tirẹ̀, láti mọ̀ bóyá ìjọba ti gba ilẹ̀ náà. A kò rí ohun tó lè rọ́pò méjèèjì.

Síbẹ̀, iṣẹ́ wà tí a lè ṣe láti ilé. Ẹ gba ẹ̀dà gbogbo ojú ewé ìwé náà, kì í ṣe ojú ewé tó ní òǹtẹ̀ nìkan. Ẹ wá nọ́ńbà tí wọ́n fi forúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Òun ni lọ́yà yóò fi béèrè. Bó bá jẹ́ ilé-iṣẹ́ ló ń tà á, ẹ wo orúkọ rẹ̀ lọ́dọ̀ Corporate Affairs Commission lórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Ilẹ̀ ẹbí ló gba sùúrù jù, nítorí púpọ̀ nínú rẹ̀ kò sí nínú ìwé ìjọba rárá, ọ́fíìsì ìbáà ṣí sílẹ̀. Bí olórí ẹbí bá dá tà á láìsí àwọn àgbà ẹbí, ilé ẹjọ́ lè wọ́gi lé e. Bí àwọn àgbà bá sì tà á láìsí olórí ẹbí, títà náà kò dúró rárá. Ẹ fi fóònù bá olórí ojúlé kọ̀ọ̀kan sọ̀rọ̀, ẹnìkan ṣoṣo kò tó.

Ilẹ̀ tó ní C of O ńkọ́? Lábẹ́ Òfin Ìlò Ilẹ̀ ti 1978, ẹni tó ní in kò lè gbé e fún ẹlòmíràn láìsí ìyọ̀ǹda gómìnà. Àjàkálẹ̀ àrùn kò mú ìyẹn kúrò.

Bí ẹni tó ń tà á bá ń kán yín lójú, kí lọ́yà ẹgbẹ́ di owó àsansílẹ̀ mú lọ́wọ́, kí ẹ sì kọ ọ́ sínú àdéhùn pé bí àyẹ̀wò kò bá mọ́, owó yóò padà. Kí akọ̀wé kọ nọ́ńbà ìwé ilẹ̀ náà sínú ìwé ìpàdé, kí lọ́yà lè gbé e lọ ní ọjọ́ àkọ́kọ́ tí ọ́fíìsì bá ṣí.