Ọ̀nà Láti Dín Ìmọ́lẹ̀ Àtapadà Kù Nínú Yíya Àwòrán Iṣẹ́ Ọnà Idẹ fún Ìkọ́ni

Ìfáárà
Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ìròyìn kò tó àfojúbà. Ìdí nìyí tí olùkọ́ àṣà fi máa ń gbé àwòrán wọ kíláàsì nígbà tí ohun tí ó ń kọ́ni nípa rẹ̀ kò bá sí ní àrọ́wọ́tó. Ṣùgbọ́n àwòrán iṣẹ́ ọnà idẹ lè ṣi akẹ́kọ̀ọ́ lọ́nà. Àpẹẹrẹ kan ni àwọn orí idẹ tí wọ́n hú jáde ní agboolé Wúnmọníjẹ̀, Ilé-Ifẹ̀, ní ọdún 1938. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ó ní ìlà tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ lójú. Bí ìmọ́lẹ̀ bá tàn yanran sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ irú ère bẹ́ẹ̀, ìlà ibẹ̀ kò ní hàn nínú àwòrán. Akẹ́kọ̀ọ́ yóò sì gbà pé kò sí níbẹ̀ rárá.

Orírun ìṣòro náà
Amọ̀ tí kò dán máa ń fọ́n ìmọ́lẹ̀ káàkiri. Idẹ dídán kò rí bẹ́ẹ̀; bíi dígí ni ó ń ṣe. Igun tí ìmọ́lẹ̀ fi kọlu ojú rẹ̀ náà ni ó fi ń ta padà. Ọmọdé tí ó ń fi àfọ́kù dígí ta oòrùn sí ara ògiri ti mọ òfin yìí kí ó tó dé kíláàsì sáyẹ́nsì. Níwọ̀n bí ojú ère kò ti tẹ́ pẹrẹsẹ, bí a bá yí i síhìn-ín sọ́hùn-ún, ibi tí ń dán kàn máa ṣípò ni.

Ọ̀nà àbáyọ
Ohun tí ó ṣe kókó ni kí ìmọ́lẹ̀ ti ojú tí ó fẹ̀ wá, kí ó má ṣe ti ojú kan ṣoṣo.

Èkíní, kí ayàwòrán pa fíláàṣì kámẹ́rà.

Èkejì, kí ó gbé ère sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, kí ó sì ta aṣọ funfun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sí àárín méjèèjì. Kí ó gbé páálí funfun sí òdìkejì láti ta ìmọ́lẹ̀ sí ibi tí ó ṣókùnkùn.

Ẹ̀kẹta, òjìji ayàwòrán fúnra rẹ̀ lè hàn lára idẹ. Aṣọ dúdú tí a dá ihò sí fún ojú kámẹ́rà yóò bò ó.

Ẹ̀kẹrin, ìmọ́lẹ̀ báyìí kì í lágbára. Nítorí náà, kí kámẹ́rà wà lórí ohun tí kò ní mì.

Àwọn kan gbà pé awò pólaráísà nìkan ti tó. Ó wúlò fún dígí àti igi tí a kùn ní fáníìṣì, ṣùgbọ́n kì í fi bẹ́ẹ̀ ran idẹ tí a kò kùn, àfi bí a bá fi irú awò kan náà bo orísun ìmọ́lẹ̀ pẹ̀lú. Kò sì tọ́ rárá kí ẹnikẹ́ni fi páúdà tàbí òróró pa ère àtijọ́ lára nítorí àwòrán.

Ìgúnlẹ̀
Kì í ṣe gbogbo dídán ni ó yẹ kí a pa rẹ́. Bí idẹ kò bá dán mọ́, akẹ́kọ̀ọ́ lè pè é ní amọ̀. Àwòrán tí ó pójú owó ni èyí tí ìlà ti hàn kedere, tí idẹ sì tún jẹ́ idẹ. Kí olùkọ́ fi àwòrán wé ère fúnra rẹ̀ kí ó tó gbé e wọ kíláàsì.