Bí A Ti Ń Wádìí Máàpù Ìṣúra àti Ìtàn Kòtò Wúrà Tí Ó Sọnù

Ó ṣòro kí a dé ilẹ̀ kan kí a má bá ìtàn ìṣúra níbẹ̀. Níhìn-ín, wọn a ní ọba kan ni ó ri wúrà mọ́lẹ̀ kí ogun tó kó ìlú. Lọ́hùn-ún, wọn a ní àwọn olè orí òkun ni ó rì í. Níbòmíràn ẹ̀wẹ̀, wọn a ní ẹnì kan rí ibi tí wúrà ti ń dán yanran nínú àpáta, ṣùgbọ́n ikú kò jẹ́ kí ó mú ẹnikẹ́ni débẹ̀. Kò ní pẹ́ lẹ́yìn èyí tí máàpù yóò fi yọjú, àwọn tí yóò rà á kò sì ní í wọ́n.

Ohun tí a fẹ́ ṣàlàyé nínú àròkọ yìí ni bí olùwádìí ṣe ń yẹ irú ìtàn àti máàpù bẹ́ẹ̀ wò. A kò fẹ́ kọ́ ẹnikẹ́ni bí a ti ń di olówó lójijì. Inú ìwé ni a ti ń ṣe èyí tí ó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ yìí, kì í ṣe pẹ̀lú ọkọ́ àti ṣọ́bìrì. Kí ọ̀rọ̀ wa má baà fọ́n káàkiri, ìtàn kan ni a ó gbé yẹ̀ wò dáadáa, èyíinì ni ìtàn kòtò wúrà tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń pè ní Lost Dutchman, ní ìpínlẹ̀ Arizona.

Ṣùgbọ́n kí a tó débẹ̀, ẹ jẹ́ kí a sọ díẹ̀ nípa máàpù fúnra rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ohun tí a bá ti yà sórí ìwé, pàápàá bí ìwé náà bá ti gbó tí etí rẹ̀ sì ti ya, kò lè jẹ́ irọ́. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Ní nǹkan bí 1599, Jodocus Hondius, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀gá tí ń ya máàpù ní Holland, ya máàpù ilẹ̀ Guiana ní Gúúsù Amẹ́ríkà. Ó ya adágún omi ńlá kan sí i, ó sì fi ìlú Manoa, ìlú oníwúrà tí òkìkí rẹ̀ kàn bí El Dorado, sí etí adágún náà. Hondius kò dé ibẹ̀ rí. Ọ̀rọ̀ Walter Raleigh ni ó gbára lé, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó lọ wá ìlú náà ní 1595. Raleigh pàápàá kò fojú kàn án, ẹnu ẹlòmíràn ni ó ti gbọ́ ọ. Síbẹ̀ adágún yìí wà lórí máàpù fún nǹkan bí igba ọdún, títí tí Alexander von Humboldt, ọmọ Jámánì, fi rin ìrìn-àjò lọ sí agbègbè náà tí ó sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé kò sí irú adágún bẹ́ẹ̀.

Àwọn mìíràn nínú yín sì ti ka ìwé Treasure Island tí R. L. Stevenson kọ. Ní 1881, ní Scotland, Stevenson àti ọmọ ìyàwó rẹ̀ jókòó tí wọ́n ń fi àwòrán ṣeré, máàpù erékùṣù kan sì jáde nínú eré náà. Láti inú máàpù ni ìtàn ti wá, ìtàn kọ́ ni ó bí máàpù. Láti ìgbà tí ìwé náà ti jáde ní 1883 ni àmì àgbélébùú pupa ti di ohun tí gbogbo ayé ń retí lórí máàpù ìṣúra. Nítorí náà, bí ẹnì kan bá gbé máàpù “àtijọ́” jáde tí ó ní irú àmì bẹ́ẹ̀ lára, kí ara kọ́kọ́ fu wá.

Ó wá ku ìtàn tiwa. Ní ìlà-oòrùn ìlú Phoenix ni àwọn òkè kan wà tí à ń pè ní Superstition, ilẹ̀ olókùúta, gbígbẹ, tí oòrùn rẹ̀ a máa jó ènìyàn bí iná. Bí wọ́n ti ń pa ìtàn náà nìyí. Wọ́n ní ìdílé Mẹ́síkò kan, àwọn Peralta, ni ó kọ́kọ́ wa wúrà níbẹ̀. Wọ́n ní ní àwọn ọdún 1840, àwọn Apache dènà de àwọn awakùsà náà, wọ́n sì pa wọ́n. Wọ́n ní lẹ́yìn èyí ni Jacob Waltz wá mọ ibẹ̀. Ọmọ Jámánì ni Waltz. “Dutchman” tí wọ́n ń pè é kò sọ ọ́ di ará Holland, bí àwọn ará Amẹ́ríkà ìgbà náà ti máa ń pe àwọn ará Jámánì ni. Wọ́n ní nígbà tí ó ń kú lọ, àpótí tí ó kún fún òkúta oníwúrà wà lábẹ́ ibùsùn rẹ̀, ó sì júwe ọ̀nà fún obìnrin tí ó ń tọ́jú rẹ̀.

Ẹ kíyè sí iye ìgbà tí mo lo “wọ́n ní”. Ibẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ olùwádìí ti bẹ̀rẹ̀. Yóò béèrè pé: ta ni “wọ́n”? Ìgbà wo ni “wọ́n” kọ́kọ́ sọ ọ́? Yóò wá tọ ìtàn náà padà sẹ́yìn, bí ènìyàn ti ń tọ odò lọ sí orísun rẹ̀, yóò sì máa kọ ọ́ sílẹ̀ ọdún tí ohun tuntun kọ̀ọ̀kan wọ inú ìtàn. Ẹni tí ó bá ṣe èyí dáadáa yóò rí i pé bí òun ti ń sún mọ́ ìgbà tí nǹkan náà ṣẹlẹ̀ ni ìtàn ń kéré sí i. Bí odò ti ń ṣe náà nìyẹn. Isàlẹ̀ ni ó ti ń fẹ̀.

Àkọ́kọ́, ǹjẹ́ Jacob Waltz wà láyé rí? Ó wà. Àwọn ìwé ìjọba jẹ́rìí sí i. Ní 1861 ni ó gba ìwé ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà ní Los Angeles. Ní àwọn ọdún 1860 kan náà, orúkọ rẹ̀ wà lára àwọn tí ó forúkọ ibi ìwakùsà sílẹ̀ ní àwọn òkè Bradshaw, nítòsí Prescott, tí ó jìnnà sí Superstition. Lẹ́yìn náà ni ó dáko sí etí odò Salt ní Phoenix. Ní oṣù kejì 1891, odò náà kún, ó sì ba agbègbè náà jẹ́ gidigidi. Ní ọjọ́ 25, oṣù kẹwàá ọdún yìí kan náà, Waltz kú ní ilé Julia Thomas ní Phoenix.

Nínú gbogbo ìwé wọ̀nyí, kò sí èyí tí ó fi orúkọ Waltz mọ́ ibi ìwakùsà kankan ní òkè Superstition. Níhìn-ín ni kí a ti ṣọ́ra. Pé ohun kan kò sí nínú ìwé kò sọ pé ohun náà kò sí. Ẹni tí ó rí wúrà tí kò fẹ́ kí aládùúgbò mọ̀ lè pa ẹnu rẹ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí a rí i pé ó ti forúkọ ilẹ̀ sílẹ̀ rí mọ ọ̀nà ọ́fíìsì, ó sì mọ̀ pé ohun tí a kò bá forúkọ rẹ̀ sílẹ̀, ẹlòmíràn lè gbà á. Lójú tèmi, ẹ̀rí yìí tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan díẹ̀, kò sì ju díẹ̀ lọ.

Julia Thomas ni ẹlẹ́rìí tí ó ṣe pàtàkì jù. Òun ni ó wà nídìí ibùsùn. Obìnrin tí ó ní ilé búrẹ́dì àti ṣọ́ọ̀bù ni, ó sì tà wọ́n kí ó lè rówó lọ wá kòtò náà. Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn 1892, kò tíì pé ọdún kan tí Waltz kú, òun àti àwọn ọkùnrin méjì kan, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò, tí wọ́n ń jẹ́ Petrasch, wọ inú òkè lọ. Ìwé ìròyìn Phoenix sọ̀rọ̀ nípa ìrìn-àjò náà ní oṣù kẹsàn-án ọdún náà. Wọn kò rí nǹkan kan, gbèsè ni obìnrin náà sì bọ́ sí. Ìtàn ìlú fi kún un pé lẹ́yìn èyí ni ó ń ta máàpù fún àwọn tí ó fẹ́ rà. Ẹ wò ó: ẹni tí ó fi etí ara rẹ̀ gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu Waltz kò rí ibẹ̀. Kí ni ẹni tí ó ra máàpù lọ́wọ́ ẹni tí ó rà á lọ́wọ́ ẹlòmíràn yóò wá rí?

Ní oṣù kìíní 1895 ni akọ̀ròyìn kan, P. C. Bicknell, gbé ìtàn náà jáde nínú ìwé ìròyìn San Francisco Chronicle. Òun ni ó fi òkúta ṣóńṣó gíga kan tí à ń pè ní Weaver’s Needle ṣe àmì ibi tí kòtò náà wà. Láti ìgbà náà, agbára káká ni a fi lè rí máàpù Lost Dutchman tí òkúta yìí kò sí lórí rẹ̀. Nígbà tí máàpù mẹ́wàá bá fẹnu kò sórí ohun kan, ẹni tí kò mọ̀ yóò ní ẹ̀rí mẹ́wàá nìyẹn. Olùwádìí yóò wò ó bóyá ìwé ìròyìn kan náà ni àwọn mẹ́wẹ̀ẹ̀wá ti jí i wò.

Orúkọ Peralta ńkọ́? Ní àwọn ọdún wọ̀nyí gan-an ni ẹjọ́ kan mi Arizona tìtì. Ọkùnrin kan tí ń jẹ́ James Reavis gbé ìwé jáde ní 1883 pé ọba Sípéènì ti fi ilẹ̀ ta Miguel de Peralta lọ́rẹ ní ọgọ́rùn-ún ọdún tí ó ṣáájú, àti pé òun ni ó ni ilẹ̀ náà báyìí. Ilẹ̀ ọ̀hún ju máìlì onígun mẹ́rin 18,000 lọ! Ẹ̀rù ba àwọn ènìyàn. Àwọn mìíràn san owó fún un. Royal Johnson, òṣìṣẹ́ ìjọba tí ó ń bójú tó wíwọn ilẹ̀ ní Arizona, fara balẹ̀ yẹ àwọn ìwé náà wò, ó sì gbé àbọ̀ ìwádìí rẹ̀ jáde ní 1889. Ó rí i pé gégé onírin ni a fi kọ àwọn kan nínú wọn, bẹ́ẹ̀ ìyẹ́ ẹyẹ ni àwọn akọ̀wé ìgbà tí a pè é ń lò. Ó rí àṣìkọ àti àṣìlò èdè Sípéènì tí akọ̀wé ọba kò jẹ́ ṣe. Ní 1895, ilé-ẹjọ́ da ẹjọ́ Reavis nù. Ní 1896, ó dèrò ẹ̀wọ̀n. Miguel de Peralta tí ó sọ, kò sí irú ẹni bẹ́ẹ̀ láyé rí.

Mo fẹ́ràn ẹjọ́ yìí púpọ̀, nítorí pé ó fi gbogbo ohun tí a ń wò lára ìwé àtijọ́ hàn: irú ìwé tí a lò, tàdáwà, gégé, bí èdè ti rí, àti ibi tí ìwé náà ti wà kí ó tó dé ọwọ́ ẹni tí ó gbé e wá. Èyí tí mo sọ kẹ́yìn yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń gbàgbé. Ẹ mú un lò fún àwọn òkúta tí a gbẹ́ máàpù sí, tí à ń pè ní Peralta Stones. Wọ́n ní nítòsí òkè Superstition ni a ti rí wọn ní nǹkan bí 1949. Ìwé ìròyìn Life gbé àwòrán wọn jáde ní 1964. Èdè Sípéènì tí ó wà lára wọn kún fún àṣìkọ. Àwọn tí ó gbà wọ́n gbọ́ ní awakùsà kì í ṣe akọ̀wé, àwáwí yìí kò sì burú. Ṣùgbọ́n ta ni ó wà níbẹ̀ nígbà tí a hú wọn? Ẹlẹ́rìí tí kò fara mọ́ ẹ̀gbẹ́ kankan kò sí. Òkúta gbó ju gbogbo wa lọ. Gbígbẹ́ tí a gbẹ́ ẹ ni a kò lè tipa gbígbó rẹ̀ mọ ọjọ́ orí rẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó mọ̀ nípa rẹ̀ gbà pé ayédèrú ni.

Ilẹ̀ pàápàá ní ẹ̀rí tirẹ̀. Àwọn onímọ̀ nípa òkúta sọ pé láti inú òkè oníná ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ òkúta Superstition ti tú jáde ní nǹkan bí ogún mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn, kì í sì í ṣe irú òkúta tí wọ́n máa ń retí wúrà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ìwọ̀-oòrùn òkè náà, ní Goldfield, a wa wúrà gidi láti àwọn ọdún 1890. Nítorí náà, ẹni tí ó bá sọ pé wúrà kò lè sí nítòsí ibẹ̀ rárá ti sọ àsọdùn, gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ó sọ pé òkè náà kún fún un.

Bí ìtàn lásán ni gbogbo èyí ì bá jẹ́, a kò bá rẹ́rìn-ín kí a sì lọ. Ṣùgbọ́n ó ti gba ẹ̀mí. Adolph Ruth, ará Washington, ti lé ní ọgọ́ta ọdún, ó sì ti ṣẹ́ ẹsẹ̀ rí níbi tí ó ti ń fi máàpù mìíràn wá kòtò mìíràn ní California. Ọmọ rẹ̀ ni ó gba máàpù kan fún un láti Mẹ́síkò. Ní oṣù kẹfà 1931, nínú oòrùn tí àwọn ará ibẹ̀ fúnra wọn ń sá fún, àwọn darandaran méjì mú un wọ inú òkè Superstition, wọ́n sì fi í sílẹ̀ níbi tí ó pàgọ́ sí. A kò rí i mọ́. Ní oṣù kejìlá ni a rí agbárí rẹ̀ pẹ̀lú ihò lára. Ní oṣù kìíní 1932 ni a rí ìyókù egungun rẹ̀ níbòmíràn. Ìbọn rẹ̀ wà níbẹ̀, kò sì yìn ín. Ìwé pélébé kan tí ó kọ ọ̀nà sí wà níbẹ̀ pẹ̀lú; máàpù kò sí. Ales Hrdlicka, onímọ̀ egungun ní Washington, ní ó jọ pé ọta ìbọn ni ó dá ihò náà lu. Àwọn aláṣẹ ibẹ̀ rò pé òùngbẹ àti oòrùn ni ó pa á. A kò mú ẹnikẹ́ni.

Àwọn ìwé ìròyìn gbé ikú yìí kiri gbogbo Amẹ́ríkà. Ẹni rere ì bá gbọ́ kí ó jókòó sílé rẹ̀, ṣùgbọ́n ńṣe ni àwọn tí ń wọ inú òkè náà pọ̀ sí i, nítorí wọ́n rò pé bí kò bá sí wúrà, ta ni yóò pa arúgbó nítorí máàpù? Báyìí ni ikú tí a kò mọ okùnfà rẹ̀ fi di ẹ̀rí fún kòtò tí a kò rí. Ní oṣù keje 1910 lé ọgọ́rùn-ún ọdún, èyíinì ni 2010, àwọn ọkùnrin mẹ́ta láti Utah tún lọ wá a. Oṣù kìíní 2011 ni a rí egungun wọn.

Òfin ìjọba Amẹ́ríkà ti dá igbó òkè náà sí láti 1964, kò sì sí ẹni tí ó lè forúkọ ibi ìwakùsà tuntun sílẹ̀ níbẹ̀ láti ọjọ́ kìíní, oṣù kìíní 1984. Ẹni tí ó bá fẹ́ wú ìṣúra níbẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ àwọn òṣìṣẹ́ igbó ìjọba kí ó tó fi ọkọ́ kan ilẹ̀.