Ìhàlẹ̀ Nínú Eré Poker: Ìgbà Wo Ni Ó Tọ́?

Mo mọ̀ pé àwọn àgbà kan yóò fajú ro bí wọ́n bá rí àkọlé yìí. Ẹ̀pà ni a fi ń ta poker nílé mi, kì í ṣe owó. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ wa ń rí eré yìí lórí fóònù, ó sì sàn kí wọ́n mọ ìṣirò tó wà nídìí rẹ̀ ju kí wọ́n rò pé ìgboyà lásán ni.

Nínú irú èyí tí wọ́n ń pè ní Texas Hold'em, káàdì méjì ni oníkálukú ń dì mọ́wọ́. Márùn-ún sì wà lórí tábìlì fún gbogbo ènìyàn. Bí ìkarùn-ún bá ti ṣí, kò sí káàdì mìíràn tí a ń retí mọ́.

Bí ọwọ́ yín bá lágbára, ẹ fi owó lé e, nítorí ẹni tí tirẹ̀ kéré lè san án. Bí ó bá wà láàárín méjì, ẹ má fi kún un: ẹni tí ẹ jù lọ yóò ju káàdì rẹ̀ sílẹ̀, ẹni tó jù yín lọ ni yóò dúró. Bí kò bá sí nǹkan kan lọ́wọ́ yín, ibẹ̀ ni ìhàlẹ̀ ti lè wúlò.

Ká ní ẹ̀pà 60 wà láàárín, tí ẹ fi 30 halẹ̀. Bí ó bá kùnà lẹ́ẹ̀mejì, 60 ti lọ. Bí ó bá ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan, 60 padà wọlé. Nítorí náà, ó gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ nínú mẹ́ta kí èrè tó wà. Ẹ má halẹ̀ mọ́ ẹni tí kì í sá.

Ìhàlẹ̀ sì gbọ́dọ̀ ṣeé gbà gbọ́. Ní Las Vegas lọ́dún 2003, Chris Moneymaker kó gbogbo owó rẹ̀ lé e láìní ohunkóhun lọ́wọ́. Káàdì mẹ́ta alámì kan náà wà lórí tábìlì, ó sì ti fi kún owó láti orí káàdì kẹrin. Sam Farha, tí tirẹ̀ dára jù, ju káàdì sílẹ̀. Moneymaker ló gba ife-ẹ̀yẹ náà àti dọ́là mílíọ̀nù 2.5.

Àwọn àgbà ní, ọmọ tí kò bá tíì ká'pá èékù idà kì í bèèrè ikú tó pa baba rẹ̀. Ọmọ tó bá mọ ìṣirò yìí yóò mọ ìgbà tó yẹ kí ó dìde kúrò nídìí tábìlì. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n ni owó ilé-ìwé rẹ̀ ń bá tẹ́tẹ́ lọ.