Àṣírí Inú Fóònù Wa: Ohun Tí Òfin Sọ

Ọlọ́hun pàṣẹ fún wa nínú Súrà An-Nuur, áyà 27, pé kí a má wọ ilé onílé láìgba ìyọ̀ǹda. Lóde òní, fóònù náà ti di ilé: orúkọ ẹbí, nọ́ńbà NIN àti àwòrán àwọn ọmọ wà níbẹ̀.

Bí ará Yemetu kan bá fẹ́ yáwó lórí fóònù, áàpù lè ní kí ó jẹ́ kí òun rí nọ́ńbà gbogbo èèyàn rẹ̀. Bí ó bá gbà, tí owó sì pẹ́, àwọn olówó èlé kan á máa kọ̀wé sí àna rẹ̀ àti aáfà rẹ̀ pé olè ni. Dandan ni kí a san gbèsè, ṣùgbọ́n ìdójútì yìí lòdì sófin.

Ní ọjọ́ 12 oṣù Júùnù, 2023, Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú fọwọ́ sí Òfin Ìdáàbòbò Dátà, tó dá àjọ NDPC sílẹ̀. Iléeṣẹ́ gbọ́dọ̀ sọ ohun tó fẹ́ fi ọ̀rọ̀ yín ṣe. Ẹ lè ní kí wọ́n tún un ṣe, tàbí kí wọ́n pa á rẹ́. Fún ọmọdé, òbí tàbí alágbàtọ́ ló máa fọwọ́ sí i.

Bí wọ́n bá dójú tì yín, ẹ tọ́jú àtẹ̀jíṣẹ́ náà, kí ẹ fi ẹjọ́ sun NDPC tàbí FCCPC.

Àwa náà ńkọ́? Fọ́ọ̀mù iléekéwú àti ìwé orúkọ mọ́ṣáláṣí, àmánà ni. Ẹ má jẹ́ kó dọ́wọ́ ẹni tí kò kàn.

Kí Ọlọ́hun bo àṣírí wa, àmín.