Ṣé Ilé Náà Ń Jẹ Iná?

Ẹni tó bá fẹ́ ra ọkọ̀ tokunbọ̀ kì í pẹ́ bèèrè pé, "Ṣé kì í jẹ epo jù?" Bí ó bá ń jẹ epo, owó rẹ̀ gbọ́dọ̀ wálẹ̀. Ṣùgbọ́n n kò tíì gbọ́ kí ẹnìkan bi ajẹ́ńtì bóyá ilé ń jẹ iná. "Ṣé iná wà níbẹ̀?" la máa ń bèèrè. Ìbéèrè ọ̀tọ̀ nìyẹn o.

Akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́ kan ń wá ilé rà ní Lọ́ńdọ̀nù. Màmá rẹ̀ fẹ́ bá a dá sí owó náà, wọ́n sì ń bèèrè ìdí tí ilé méjì ládùúgbò kan náà fi yàtọ̀ lówó, tí ìwé ọ̀kan ní C, tí ti èkejì ní F. Ó ní kí n fún òun ní ọ̀rọ̀ Yorùbá tí òun lè fi ṣàlàyé. Mo lè hun orúkọ gígùn kan fún un, àmọ́ kí ni màmá fẹ́ fi ṣe? Mo ní kó sọ pé ilé F yẹn ń jẹ iná bí ọkọ̀ ṣe ń jẹ epo.

Láti ọdún 2007 ni òfin ìwé yẹn ti bẹ̀rẹ̀ fún títa ilé ní England àti Wales. A ló dára jù, G ló burú jù; ọdún 10 ni ìwé kan ń lò. Wọn kì í wo bíìlì ẹni tó ń gbé ibẹ̀. Ara ilé ni wọ́n ń wò: ògiri, òrùlé, fèrèsé, ẹ̀rọ tó ń mú ilé gbóná. Nítorí náà, bàbá tó wọ súwẹ́tà mẹ́ta kó má baà tan híítà lè gba F, bíi ti aládùúgbò rẹ̀ tó ń tàn án tọ̀sán tòru. Ọ̀pọ̀ ilé ayé Ọbabìnrin Victoria ló ní ògiri bíríkì tí kò ní àlàfo láàrin, ooru a sì máa gba ibẹ̀ sá lọ.

Olùrà tó gbọ́n á ṣírò owó iná ọdún tó ń bọ̀ àti owó àtúnṣe, á yọ ọ́ kúrò nínú iye tó fẹ́ san. Ti onílé tó fẹ́ gbé e fún ayálégbé tún le jù. Láti oṣù kẹrin ọdún 2018, kò lè fi ilé F tàbí G gba ayálégbé tuntun, àfi tó bá ní ìyọ̀ǹda; ní 2020 òfin náà kan àwọn tó ti wà nílé tẹ́lẹ̀. Ẹni tó bá ra F láti fi gba owó ilé ti ra iṣẹ́ mọ́ ọn.

Àmọ́ kì í ṣe gbogbo ìyàtọ̀ owó náà ni ti iná. Ilé C sábà máa ń jẹ́ tuntun tàbí èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tún ṣe: ilé ìdáná tuntun, páìpù tuntun. Ìdí nìyí tí mo fi ní kó wá ilé tí ọjọ́ orí àti títóbi wọn bára mu kó tó fi wọ́n wéra.

Ní ti àwa nílé ńkọ́? Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, owó yúníìtì kan fún àwọn ará Band A, tí wọ́n ṣèlérí iná wákàtí 20 fún lóòjọ́, fò láti nǹkan bíi náírà 68 sí 225. Kíá, àwọn ajẹ́ńtì ti ń kọ "Band A" sára ìpolówó wọn, owó ilé sì tẹ̀ lé e. Ta ló ń kọ ọ́ síbẹ̀ pé páànù ilé náà kò ní síìlìn gidi, pé oòrùn ọ̀sán ń wọlé tààrà, pé ẹ́síì kò ní sinmi? Iná tó ń wọlé la ń fi owó lé, a kì í ka èyí tí ilé ń fi ṣòfò. Landlọ́ọ̀dù tó lè ṣe síìlìn kọ́ ló ń ra káàdì mítà, ayálégbé ni. Ta ni yóò wá náwó síbẹ̀?